Kí fóònù tó ké: bí àdúgbò kan ṣe lè la ìjì tornado já nínú ilé

Bí fóònù yín bá ti ké pé Tornado Warning dé, ẹ kò ní àyè láti lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ìṣẹ́jú tí ìkìlọ̀ yẹn ń fún ènìyàn kì í sábà ju mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ìgbà mìíràn sì wà tí kò tó márùn-ún. Kò tó láti jí bàbá arúgbó, ká wá bàtà rẹ̀, ká tú u kúrò lára ẹ̀rọ ọ́síjìn, ká sì mú un sọdá títì nínú yìnyín. Ìrànlọ́wọ́ tí aládùúgbò lè ṣe fún aládùúgbò, kí ìkìlọ̀ yẹn tó dé ló gbọ́dọ̀ ti parí. Bó bá ti dé, kálukú á wà níbi tó fara pamọ́ sí títí ìjì á fi kọjá.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Oklahoma ni mo ń gbé, ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjì yìí ti ń jà jù ní Amẹ́ríkà, ojúlé mẹ́sàn-án ló sì wà ní òpópónà wa. Nítorí pé ilé ni mo máa ń wà, tí oorun mi kò sì wúwo, èmi ni mo ń ṣọ́ ojú ọjọ́ fún gbogbo wa. Ìjì náà jọ ààjà tó máa ń gbé ewé àti eruku yí po nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n òrùlé àti ọkọ̀ ni èyí ń gbé. Àwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbí ń fojú ààjà wò ó, wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ya fídíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní EF0, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń sá tó máìlì 65 sí 85 ní wákàtí kan. Ti EF5, èyí tó le jù, ju 200 lọ. Pákó, gíláàsì, bíríkì àti irin tí afẹ́fẹ́ yẹn ń jù kiri ló sì ń ṣe ènìyàn léṣe jù.

Watch kì í pariwo

Ìkìlọ̀ méjì ló wà, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Storm Prediction Center, ọ́fíìsì ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìjì, tó wà ní Norman ní Oklahoma níbí, ló ń gbé Tornado Watch jáde. Ó máa ń bo káúńtì (ó dà bí ìjọba ìbílẹ̀) púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì wà fún wákàtí mélòó kan. Ohun tó ń wí ni pé ojú ọjọ́ ti gbáradì fún ìjì: ó lè jà, ó sì lè má jà. Tornado Warning, ọ́fíìsì National Weather Service, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń mójú tó agbègbè yín ló ń gbé e jáde. Wọ́n ti rí i lórí rédà pé afẹ́fẹ́ ń lọ́ yí po, tàbí ẹnìkan ti fojú rí ìjì náà. Ilẹ̀ tí èyí ń bò kì í pọ̀, kì í sì í sábà pé wákàtí kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ rèé: fóònù máa ń ké fúnra rẹ̀ fún Warning, kì í ké fún Watch. Bẹ́ẹ̀ ìgbà Watch gan-an ni a láyè láti rìn. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi nílò ẹnìkan tí yóò máa gbọ́ Watch fún gbogbo ilé, àti ẹnì kejì tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí nílé. Lọ́dọ̀ wa, èmi ni, bàbá ojúlé kẹfà sì ni ẹnì kejì mi.

Ohun tí ẹni náà nílò kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni rédíò ojú ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní NOAA Weather Radio. Kì í ṣe rédíò orin o. Ìkànnì méje ló ní, láti 162.400 dé 162.550 MHz, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ àti ìkìlọ̀ pàjáwìrì ló sì ń sọ tọ̀sán-tòru. Ẹ ra èyí tó ń lo iná mànàmáná tó sì tún ní bátìrì nínú, kí ó má bàa kú nígbà tí iná bá lọ. Ẹ wá nọ́mbà káúńtì yín, nọ́mbà mẹ́fà ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe é, gbogbo ìkìlọ̀ tó jáde ní káúńtì jíjìnnà ni yóò máa jí yín, nígbà tó bá sì sú yín, ẹ ó pa á. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni kí ó wà, kì í ṣe ilé ìdáná.

Ẹ tún yẹ fóònù gbogbo ará ilé wò. Ẹ wọ inú Settings, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Emergency Alerts sí, ẹ rí i dájú pé ó wà ní títàn. Àwọn ọmọ máa ń pa á nítorí pé ariwo rẹ̀ ń bà wọ́n lẹ́rù. Ní ti fèrè tí ìjọba gbé sórí òpó, ẹni tó wà níta ni wọ́n gbé e síbẹ̀ fún. Ẹ má fọkàn tẹ̀ ẹ́ pé yóò jí yín nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń hó, tí òjò sì ń lu òrùlé. Òru sì ni ó burú jù: ìjì tó bá jà lóru máa ń pani ní ìlọ́po méjì ó lé sí ti ọ̀sán. Lẹ́yìn ààjìn òru ni èyí tó jà ní Nashville ní March 3, 2020 wọlé. Ẹ má sì rò pé ìgbà ìrúwé nìkan ni. December 10, 2021 ni èyí tó run Mayfield ní Kentucky jà, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá.

Ta ló ń pe ta?

Ẹ má sọ pé "ẹ jẹ́ ká máa pe ara wa." Ohun tó jẹ́ iṣẹ́ gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni kì í ṣe é. Ètò tiwa ni pé ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ni ojúlé tó wà ní ọ̀tún rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ Watch, mo máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wa, kálukú á sì pe ẹni ọ̀tún rẹ̀ títí tó fi máa gbóhùn rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò tó, nítorí ẹni tó ń sùn kì í ka àtẹ̀jíṣẹ́. Bí ẹni ọ̀tún kò bá gbé fóònù, ìgbà Watch la ṣì wà, ẹ lè lọ kan ilẹ̀kùn.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìpè yìí rèé. Nígbà tí ìjì pa ènìyàn 158 ní Joplin, ní Missouri, ní May 22, 2011, ìwádìí tí ìjọba ṣe lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ọ̀pọ̀ ló gbọ́ fèrè tí wọn kò tètè sá. Wọ́n ń dúró de nǹkan mìíràn tí yóò fi dá wọn lójú: wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n, wọ́n jáde lọ wojú ọ̀run. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ẹ mọ̀ bá ti pè yín pé "Mo ti gbọ́, òótọ́ ni, ẹ múra," ìdánilójú tí ẹ̀ ń wá nìyẹn, ẹ kò ní láti lọ wá a lójú fèrèsé.

Ní ojúlé kẹta wa, ìdílé kan wà tí òbí méjèèjì kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ọmọ wọn obìnrin ló ń kà á fún wọn, òun náà sì máa ń lọ ilé ìwé. A gbà pé àwòrán ilé pupa kan ni a ó máa fi ránṣẹ́ sí wọn: ọ̀kan fún Watch, mẹ́ta fún Warning. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láti túmọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí Warning bá wá dé, ìpè yí padà. Kí ẹnikẹ́ni má jáde mọ́. Mo mọ̀ pé ó ń dun ọkàn, pàápàá àwa tí wọ́n tọ́ pé a kì í fi àgbàlagbà sílẹ̀. Ẹ pe fóònù láti inú ibi tí ẹ fara pamọ́ sí, ó tán. Ẹni tí igi bá lù lójú títì ti di ẹnì kejì tí àwọn agbanilà yóò máa wá.

Yàrá wo, ti ta ni?

Ibi tó dára jù ni abẹ́ ilẹ̀: àjà ilẹ̀, tàbí àpótí irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú gáréèjì, irú èyí tó pọ̀ ní Oklahoma nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé wa kò ní àjà ilẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, sí àárín gbùngbùn ilé, yàrá tó kéré jù tí kò ní fèrèsé: balùwẹ̀ inú, ibi tí ẹ ń kó aṣọ sí, abẹ́ àtẹ̀gùn. Kí ògiri pọ̀ láàárín yín àti ìta, ìyẹn ni òfin rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún yín rí pé kí ẹ ṣí fèrèsé kí ilé má bàa bú, tàbí kí ẹ sá sí igun gúúsù ìwọ̀ oòrùn? Irọ́ ni méjèèjì. Fèrèsé tí ẹ ń ṣí yẹn, ibẹ̀ gan-an ni gíláàsì yóò ti bá yín.

Ẹ wá ronú nípa àwọn tí ilé wọn kò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ àdúgbò wà. Ẹni tó ń gbé àjà kẹta nínú ilé alájà púpọ̀, kí ó bá ará ìsàlẹ̀ ṣàdéhùn. Kì í ṣe lọ́jọ́ ìjì, ẹ lọ kí wọn lọ́jọ́ Sunday, ẹ sọ ọ́ tààrà: "Ẹ jọ̀wọ́, bí Watch bá jáde, ṣé a lè wá jókòó lọ́dọ̀ yín?" Mi ò tíì rí ẹni tó sọ pé rárá.

Èyí tó le jù ni ti àwọn tó ń gbé inú ilé àgbérìn, ilé tí wọ́n fi ọkọ̀ fà wá tí wọ́n sì fi okùn irin dè mọ́lẹ̀. Okùn yẹn kò ṣeé fọkàn tẹ̀ níwájú ìjì yìí, àní èyí tí kò le rárá. Ẹ má fara pamọ́ sínú rẹ̀, ẹ má sì dúró de Warning kí ẹ tó kúrò. Tọkọtaya akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ wa ni wọ́n, ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òpópónà wa. Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ gáréèjì mi wà lọ́wọ́ wọn. Bí Watch bá ti jáde, wọ́n á kó ọmọ wọn, ìwé wọn àti kọ̀ǹpútà wá, wọ́n á sì máa ka ìwé wọn nínú pálọ̀ mi. Bí ìjì kò bá jà, a ti jẹun pọ̀. Bí ẹ kò bá ní irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ bi ọ́fíìsì tó ni ọgbà ilé náà bóyá wọ́n ní ibi ìsádi: ta ló ni kọ́kọ́rọ́, ìgbà wo ni wọ́n ń ṣí i, ṣé wọ́n ń gba ajá?

Àwọn arúgbó máa ń tijú. Màmá tó ń dá gbé ní ojúlé karùn-ún máa ń sọ pé òun kò fẹ́ yọ wá lẹ́nu. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún un ni pé a kì í pè é wá sá fún ìjì, a máa ń pè é wá jẹun alẹ́. Ẹ kó oògùn rẹ̀ sínú báàgì kan tí ó ń gbé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń lo ọ́síjìn, kí àgbá kékeré tí kò nílò iná wà nílẹ̀, kí ẹnìkan sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.

Ẹ̀yin tí ibi ìsádi yín wà nínú gáréèjì, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Gbé ọkọ̀ jáde nígbà Watch bí arúgbó bá ń bọ̀. Wọn kò lè rá kòrò lábẹ́ ọkọ̀ wọ inú ihò. Bí iná bá lọ, ilẹ̀kùn ńlá gáréèjì kò ní dá bọ́tìnnì lóhùn, nítorí náà ẹ fi okùn pupa tó so rọ̀ láti òkè han gbogbo àwọn tó máa wá, èyí tí a ń fà kí a lè fọwọ́ gbé ilẹ̀kùn. Ẹ gbé jáàkì ọkọ̀ kan sínú ibi ìsádi, kí ẹ lè fi ti ìdérí rẹ̀ bí ohunkóhun bá wó lé e. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi ti wọlé. Ẹ sì lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìlú yín; ọ̀pọ̀ ìlú níbí ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn agbanilà lè mọ ibi tí wọ́n máa gbẹ́.

Fún àwọn tí yóò wà nínú ilé tiwọn, mo ní ìwé kan tí mo kọ orúkọ ojúlé kọ̀ọ̀kan sí, àti yàrá tí wọ́n ń fara pamọ́ sí: "ojúlé kejì, balùwẹ̀ àárín, ènìyàn mẹ́rin, ajá kan." Bí ilé bá wó, kò sí pé à ń wá gbogbo ilé kiri, ibi tí a ó ti kọ́kọ́ gbé pákó kúrò ti hàn.

Nínú yàrá náà

Bàtà ní ẹsẹ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Èyí ni mo máa ń sọ jù nítorí ìṣó àti gíláàsì ni ilẹ̀ máa ń kún lẹ́yìn ìjì, ọgbẹ́ ẹsẹ̀ sì ni mo máa ń rí. Akoto fún orí gbogbo ènìyàn: ti kẹ̀kẹ́, ti bọ́ọ̀lù, ti alùpùpù, èyíkéyìí. Orí ni ìpalára rẹ̀ burú jù, ọmọdé lẹ ó sì kọ́kọ́ dé e fún. Fèrè tí rẹfirí ń fọn kan so mọ́ ọrùn ẹnìkọ̀ọ̀kan, nítorí ohùn máa ń gbẹ lábẹ́ àwókù, fèrè kì í gbẹ. Tọ́ọ̀ṣì, omi, fóònù tó kún. Ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fọwọ́ bo orí àti ọrùn. Bí ẹ bá wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀, ẹ fa fóòmù bẹ́ẹ̀dì bora.

Ẹ má wọ ọkọ̀ láti sá fún un. Ní May 31, 2013, ní El Reno ní Oklahoma níbí, ìjì tó fẹ̀ tó máìlì 2.6 jà, inú ọkọ̀ sì ni gbogbo àwọn tí ìjì náà pa wà. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Oklahoma City ló fi ilé sílẹ̀, tí súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ sì dá wọn dúró lójú títì. Abẹ́ afárá náà kọ́ ni: afẹ́fẹ́ máa ń le sí i níbẹ̀, ó sì pa ènìyàn lábẹ́ afárá ní May 3, 1999. Bí ọmọ yín bá wà nílé ìwé, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ti kó wọn wọ inú yàrá àárín, ẹ̀yin ni ìjì yóò bá lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ dúró títí àkókò Warning yóò fi parí, nítorí ìjì mìíràn lè tẹ̀lé e. Kí kálukú wá fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́: "Àlàáfíà" tàbí "Ẹ wá." Àtẹ̀jíṣẹ́ ni, kì í ṣe ìpè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dí, àtẹ̀jíṣẹ́ sì lè kọjá níbi tí ìpè kò ti lè kọjá. Ojúlé tí kò bá fèsì ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ, ẹ mú ìwé yàrá dání, ẹ pe orúkọ wọn, kí ẹ sì dákẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ẹ jìnnà sí wáyà iná tó já, àti omi tó bá yí i ká. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa iná. Ẹ jáde, òkèèrè ni kí ẹ ti pe ilé-iṣẹ́ gáàsì. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú gáréèjì, bó ti wù kí ilẹ̀kùn ṣí tó. Ó kéré tán, ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, kí ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde kọjú sí òdìkejì ilé. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì olóró kan tí kò lóòórùn, ó ń pa ìdílé lójú oorun lẹ́yìn tí ìjì ti dá wọn sí, mo sì ti tọ́jú àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Fíríjì lè pa òtútù mọ́ fún wákàtí mẹ́rin bí ẹ kò bá ṣí i, nítorí náà ẹ má máa yọjú wò ó. Ya fọ́tò gbogbo nǹkan tó bàjẹ́ kí ẹ tó gbá a, kí ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan fún oníṣẹ́ òrùlé oníkánjú tó kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ fi ètò náà ṣe ìdánrawò. Ní Oklahoma City, ọ̀sán Saturday, ní aago méjìlá, ni wọ́n máa ń dán fèrè wò bí ojú ọjọ́ bá dára. Ẹ lo ìgbà yẹn. Ẹ fi aago ka ìṣẹ́jú tí màmá ojúlé karùn-ún fi dìde lórí àga rẹ̀ tó fi jókòó sínú ibi ìsádi, kí ẹ sì tún un kà nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Iye tó bá jáde lálẹ́ ni kí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Bó bá ju mẹ́wàá lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ máa lọ mú un wá nígbà Watch, kó má jẹ́ pé òun ni yóò máa pinnu bóyá òun ń bọ̀.